Bí iná bá lọ, tó tún dé: bí mo ṣe ń ṣètò server AlmaLinux 9

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn) àwọn ilé ìwé, ilé ìwòsàn aládàáni àti ilé iṣẹ́ kéékèèké ni mo ń bójú tó. AlmaLinux, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ni mo ń fi sórí wọn. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi lórí gbogbo server tí mo bá tò: bí nẹ́pà bá mú iná lọ lóru, tí bátìrì ínfátà tán, tí iná wá dé ní ìdájí, ṣé server yìí á dìde fúnra rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbogbo nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè mí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "bóyá", iṣẹ́ kò tíì parí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi méjì ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń wà lórí Linux. Ọ̀kan wà nínú RAM, òun ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí iná bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Èkejì wà lórí dísìkì, òun ni server máa kà nígbà tó bá tún dìde. Ẹ lè ṣe ti RAM kí ẹ gbàgbé ti dísìkì, kí gbogbo nǹkan sì máa lọ geerege fún oṣù mẹ́fà. Alẹ́ ọjọ́ tí iná bá lọ ni àṣírí á tú. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí mo máa dárúkọ níbí, ẹ máa bi í léèrè pé: ibo ló kọ ọ́ sí?

Ìdí tí mo fi ń lo AlmaLinux

CentOS ni púpọ̀ nínú wa ń lò tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020, Red Hat, ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kéde pé CentOS Linux 8 máa dópin ní ìparí 2021, bẹ́ẹ̀ ọkàn wa ti balẹ̀ pé ó di 2029. CentOS 7 náà parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2024. AlmaLinux àti Rocky Linux jáde ní 2021 láti gba ipò rẹ̀. AlmaLinux 9 jáde ní oṣù Karùn-ún 2022, àtúnṣe ààbò rẹ̀ á sì máa wá títí di 2032. Ohun tí mo bá sọ níbí bá RHEL 9 (Linux tí Red Hat ń tà) àti Rocky 9 mu.

Èmi yan AlmaLinux nítorí pé tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Red Hat ti yọ àtìlẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ káàdì RAID (tó ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀) àtijọ́ kúrò, tó fi jẹ́ pé ẹ máa fi sí i, kò ní rí dísìkì kankan. Láti 9.4 ni AlmaLinux ti dá púpọ̀ nínú wọn padà, títí kan dráífà hpsa tó wà fún HP àti megaraid_sas tí àwọn Dell ń lò. Ẹ tún wo processor. Ẹ̀yà 9 fẹ́ x86-64-v2 (ìpele ohun tí processor lè ṣe), ọ̀pọ̀ Xeon láti bíi 2009 ló ní in. Ẹ̀yà 10 lọ sókè sí v3, àmọ́ AlmaLinux ṣe èyí tó bá v2 mu lọ́tọ̀.

Bí CentOS 7 bá ṣì ń ṣiṣẹ́ níbì kan lọ́wọ́ yín, ẹ má fi dọ̀la. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ELevate tó lè gbé e láti 7 sí 8, àti láti 8 sí 9. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn kí n fi tuntun sórí dísìkì mìíràn, kí n wá kó data wá síbẹ̀. Ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó

Ẹ wọ inú BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó dìde). Lórí Dell, AC Power Recovery ni ẹ máa wá. Lórí HP, Automatic Power-On. Ẹ fi sí On. Ẹ má fi sí Last. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí UPS bá ti sọ fún server pé bátìrì ń tán lọ, tí server sì pa ara rẹ̀ dáadáa, ipò tó wà kẹ́yìn ni pé ó kú. Bí iná bá dé, Last máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún fi ìdádúró díẹ̀ sí i, Dell ń pè é ní AC Power Recovery Delay, nítorí nẹ́pà kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó dúró. Ìgbà ìṣẹ́jú yẹn ni dísìkì ń jìyà jù.

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní ínfátà, wọ́n á ní kò séwu. Ínfátà yẹn ò ní wáyà tó fi lè bá server sọ̀rọ̀. Bó bá kú, ó kú gbì ni. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n ra UPS kékeré tó ní wáyà USB, kí a fi í sí àárín ínfátà àti server. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kàn nílò láti gbé e. Sọ́fítíwíà tí mo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ UPS ni NUT, inú EPEL (àkójọ sọ́fítíwíà àfikún) ló wà, àṣẹ dnf ló ń fi í sórí ẹ̀rọ:

dnf install epel-release
dnf install nut

Nínú /etc/ups/ups.conf, ohun tí mo máa ń kọ rèé:

[ups]
driver = usbhid-ups
port = auto
offdelay = 60
ondelay = 120
ignorelb
override.battery.charge.low = 50

Ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Bátìrì UPS tó ti gbó máa ń purọ́: á ní òun ṣì ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá kejì, ó ti kú. Pẹ̀lú ètò yìí, bó bá ti dé àádọ́ta, server bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Ká ní server ti pa ara rẹ̀, àmọ́ UPS ṣì ní bátìrì díẹ̀, tí nẹ́pà sì dé lákòókò yẹn gan-an. Server ò rí i pé iná lọ rárá, nítorí náà On tí ẹ fi sínú BIOS ò ní ṣiṣẹ́. Á wà ní pípa títí ẹnìkan á fi lọ tẹ bọ́tìnì. Ìyẹn ni POWERDOWNFLAG inú upsmon.conf wà fún: ó ń jẹ́ kí server sọ fún UPS kó tó kú pé "gé iná fún mi lẹ́yìn ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, bí nẹ́pà bá ti wà, dá a padà". Ẹ rí i dájú pé ìlà yẹn wà níbẹ̀, kí ondelay sì ju offdelay lọ. Ẹ fi `upsmon -c fsd` dán an wò kí ẹ tó gbé data kankan sórí ẹ̀rọ. Server gbọ́dọ̀ kú, kí UPS gé iná, kí iná padà, kí server dìde, láìsí pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Fífi sórí dísìkì

Ẹ yan Minimal Install. Server ò nílò àwòrán àti máòsì. Ẹ lo LVM (tó ń jẹ́ kí ẹ lè fi kún ìpín dísìkì lẹ́yìn náà), kí ẹ má sì pín gbogbo dísìkì tán. XFS (ọ̀nà tó ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) ni AlmaLinux ń lò bí ẹ ò bá yan òmíràn, XFS sì ṣeé mú tóbi nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò ṣeé dín kù. Bí dísìkì bá jẹ́ 480 GB, mo máa ń fún / ní 40, /var ní 60, /srv tí data ń gbé ní 150, ìyókù á wà nílẹ̀ ní òfìfo. Ọjọ́ tí /srv bá fẹ́ kún:

lvextend -r -L +50G /dev/almalinux/srv

`-r` yẹn ló ń mú XFS fúnra rẹ̀ tóbi pẹ̀lú. Ìdí tí /var fi dá wà ni pé bí log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) bá kún ún, / ò ní kú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣì máa lè wọlé láti tún un ṣe.

Orúkọ, aago àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì

hostnamectl set-hostname portal.ile-iwe.lan
timedatectl set-timezone Africa/Lagos

Aago ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí motherboard ẹ̀rọ tòkunbọ̀ sábà máa ń ti kú. Bí iná bá lọ pátápátá, aago á sá padà sẹ́yìn ní ọdún púpọ̀, https á ní ìwé ẹ̀rí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, database á sì kọ ọjọ́ tí kò sí sínú ìwé àwọn aláìsàn. Ẹ ra bátìrì tuntun, kò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ wo /etc/chrony.conf (chrony ló ń tún aago ṣe láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) kí ẹ rí i pé `makestep 1.0 3` wà níbẹ̀, kí ẹ sì ṣe:

systemctl enable --now chronyd
systemctl enable chrony-wait

chrony-wait ń dá àwọn iṣẹ́ tó nílò aago tòótọ́ dúró díẹ̀ títí aago á fi bọ́ sípò. Bí router yín bá ń pẹ́ kó tó dìde, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún IP, ẹ má lo `ip addr add`, inú RAM nìkan nìyẹn ń kọ sí. nmcli ni:

nmcli con mod eno1 ipv4.method manual ipv4.addresses 192.168.10.5/24 ipv4.gateway 192.168.10.1 ipv4.dns 192.168.10.1
nmcli con up eno1

Wíwọlé láti òkèèrè

Ẹ dá orúkọ tiyín sílẹ̀, ẹ fi sínú ẹgbẹ́ wheel (àwọn tó lè lo agbára alábòójútó), ẹ fi `ssh-copy-id` gbé kọ́kọ́rọ́ SSH yín (fáìlì tó rọ́pò password) síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ wọlé, tó sì gbà, ẹ kọ `PasswordAuthentication no` sínú /etc/ssh/sshd_config.d/10-tiwa.conf. Ẹ fi `sshd -t` yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ `systemctl reload sshd`, kí ẹ má sì ti fèrèsé tí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣí òmíràn wò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Firewalld: nísinsìnyí àti ọ̀la

Firewalld ló ń pinnu ohun tó lè wọ server láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ibí ni ẹ ti máa rí ibi méjì tí mo sọ lójú kedere. `firewall-cmd --add-service=https` ṣí i nísinsìnyí, kò kọ ọ́ sórí dísìkì. `firewall-cmd --permanent --add-service=https` kọ ọ́ sórí dísìkì, kò ṣí i nísinsìnyí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń ṣí i láìsí permanent, màá ní kí ẹnìkan fi kọ̀ǹpútà mìíràn dán an wò. Bó bá ti rí bí mo ṣe fẹ́:

firewall-cmd --runtime-to-permanent

Bí mo bá sì ba nǹkan kan jẹ́ kí n tó dé bẹ́ẹ̀, `firewall-cmd --reload` á dá mi padà sí èyí tó wà lórí dísìkì. Èyí dára púpọ̀ nígbà tí ẹ bá jìnnà sí ẹ̀rọ.

Ẹ má pa SELinux

Ó máa ń dùn mí bí mo bá dé orí server tí ẹlòmíràn tò, tí mo sì bá `SELINUX=disabled`. Ààbò tó ń dí ẹni tó bá já wọ inú ojúlé wẹ́ẹ̀bù lọ́wọ́ kó má lè kọjá síbòmíràn nìyẹn, wọ́n yọ ọ́ dànù nítorí àṣìṣe tí àṣẹ méjì lè tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáá. Ẹni tó kọ ojúlé èsì ìdánwò ilé ìwé kan kó fáìlì rẹ̀ sínú /home, ó wá fi `mv` gbé e lọ sí /srv/portal. nginx (sọ́fítíwíà tó ń gbé ojúlé jáde) ń dáhùn 403, ìyẹn ni pé kò gbà kí wọ́n wọlé. Ó ti ṣe chmod, ó ti ṣe chown, ṣùgbọ́n 403 náà ni. Ẹ ṣe `ls -Z /srv/portal`, ẹ máa rí `user_home_t` lára àwọn fáìlì. `mv` ń gbé fáìlì pẹ̀lú àmì tó wà lára rẹ̀ láti ilé, nginx ò sì gbọ́dọ̀ ka ohun tó ní àmì yẹn. `ausearch -m AVC -ts recent` á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ní tààràtà.

Ẹnìkan á ní kí ẹ lo `chcon`. Kò kúrò bí iná bá lọ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ṣe restorecon, tàbí tí server bá tún gbogbo àmì kọ, ó ti parẹ́. Èyí ló ń dúró:

dnf install policycoreutils-python-utils
semanage fcontext -a -t httpd_sys_content_t '/srv/portal(/.*)?'
semanage fcontext -a -t httpd_sys_rw_content_t '/srv/portal/uploads(/.*)?'
restorecon -Rv /srv/portal

Bí ojúlé náà bá ní láti bá database sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, `setsebool -P httpd_can_network_connect_db on`. `-P` yẹn ni ti dísìkì. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ojúlé á máa ṣiṣẹ́ títí iná á fi lọ.

Bákan náà ni port ssh (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé). Ká ní ẹ yí i sí 2222 nínú fáìlì, ẹ ò restart sshd, ssh ń bá a lọ lórí 22. Lálẹ́ ọjọ́ kan iná lọ. Bí sshd ṣe fẹ́ dìde lórí 2222, SELinux kọ̀ fún un, kò wá sí ọ̀nà ìwọlé kankan mọ́ àfi kí ẹ wọ mọ́tò. `semanage port -a -t ssh_port_t -p tcp 2222` ló yẹ kó ṣáájú, kí firewalld tẹ̀ lé e, kí ẹ sì restart sshd lójú ara yín.

Àwọn iṣẹ́ àti dísìkì wọn

`systemctl start` wà fún nísinsìnyí, `systemctl enable` wà fún ìgbà tó bá tún dìde. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára láti máa ṣe méjèèjì pọ̀: `systemctl enable --now postgresql nginx`. Àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó. Bí data PostgreSQL (sọ́fítíwíà database) bá wà lórí /srv, ẹ ṣe `systemctl edit postgresql`, kí ẹ kọ:

[Unit]
RequiresMountsFor=/srv/pgsql
After=time-sync.target

[Service]
Restart=on-failure
RestartSec=10

Ìlà RequiresMountsFor ń sọ pé bí dísìkì yẹn kò bá tíì dé, kí database má tíì bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ kankan dìde lórí fódà òfìfo, kó máa kọ nǹkan tuntun sí ibi tí kò yẹ, nígbà tí data gidi wà lórí dísìkì tí kò tíì so mọ́ra. Fún sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ fúnra wọn, tó ń dúró lórí IP kan pàtó, ẹ fi `Wants=network-online.target` àti `After=network-online.target` sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sáré dìde kí IP tó dé, á sì kú.

Ní /etc/fstab (àkójọ dísìkì tí server máa so mọ́ra), ẹ lo UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísìkì), ẹ má lo /dev/sdb1. Orúkọ yẹn lè di sdc bí iná bá dé. Dísìkì USB tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gbọ́dọ̀ ní `nofail,x-systemd.device-timeout=10s`. Bí kò bá ní in, tí ẹnìkan sì ti yọ dísìkì náà lọ sílé, server máa dúró sí emergency mode, á máa bèèrè password root lójú ẹ̀rọ, ssh ò ní dìde rárá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan fstab:

findmnt --verify
systemctl daemon-reload
mount -a

Ẹ̀dà ìpamọ́ náà ńkọ́? XFS ń kọ àyípadà tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, tó fi jẹ́ pé bí iná bá gé e, á tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá dìde. Èyí ń dáàbò bo ètò fáìlì, kò dáàbò bo ohun tí database ò tíì kọ tán, kò sì ran dísìkì tó jóná lọ́wọ́. Ẹ máa ṣe `pg_dump` (ẹ̀dà database) lóròòru, pẹ̀lú ẹ̀dà /etc, kí ẹ fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ máa dá ọ̀kan padà sórí server ìdánwò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ rí i pé ó ṣeé lò.

Jẹ́ kí server rántí ohun tó ṣẹlẹ̀

Lórí AlmaLinux 9, inú RAM ni journal (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí server) wà bí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan. Bí server bá kú lóru, ẹ ò ní lè ka ohun tí journal sọ kẹ́yìn.

mkdir -p /var/log/journal
journalctl --flush

Láti ìgbà yẹn lọ, `journalctl -b -1 -e` á fi ìparí ìgbà tó dìde ṣáájú èyí hàn yín. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kà bí wọ́n bá pè mí. Bí ìlà bá parí lójijì láìsí ọ̀rọ̀ pípalẹ̀ mọ́, iná ló gé e. Bí ẹ bá rí NUT níbẹ̀ tó ń pa á, ètò yín ṣiṣẹ́.

Update

Data íńtánẹ́ẹ̀tì wọ́n, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí dnf-automatic wá àtúnṣe ààbò nìkan, `upgrade_type = security` nínú /etc/dnf/automatic.conf, kó sì gbà á sílẹ̀. Ẹ `systemctl enable --now dnf-automatic.timer`. Fífi kernel (ọkàn Linux) tuntun ni mo máa ń dá ṣe fúnra mi. Mẹ́ta ni dnf máa ń tọ́jú, ẹ ṣì lè yan èyí àtijọ́ nígbà tó bá ń dìde. Ẹ fi `needs-restarting -r` bèèrè bóyá server nílò títúntàn. Inú yum-utils ló wà. Bí update kan bá ba nǹkan jẹ́, `dnf history` á fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn, `dnf history undo` pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn á sì gbìyànjú láti dá a padà.

Ìdánwò

Ẹ yan ìgbà tí ọ́fíìsì bá ti tú ká. Ẹ kọ́kọ́ `reboot`. Bó bá ti dìde:

systemctl --failed
findmnt /srv
getenforce
firewall-cmd --list-all
chronyc tracking

Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo, èyí kẹta gbọ́dọ̀ sọ Enforcing. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kan, kì í ṣe tiyín, kí ẹ ṣí ojúlé náà, kí ẹ wọlé, kí ẹ fi nǹkan kan pamọ́. Mo ti rí server tí gbogbo nǹkan "active" lórí rẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ wáyà UPS kúrò lára ògiri, kí ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀ gan-an, kí server pa ara rẹ̀, kí UPS gé iná. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó gbà. Ẹ wá ki wáyà bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Bí ojúlé bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ náà, ẹ kọ ọjọ́ àti iye ìṣẹ́jú yẹn sínú ìwé server, kí ẹ tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì UPS, tí ẹ fi kernel tuntun sí i, tàbí tí ẹ fọwọ́ kan fstab.